Ère Ò Tíì Yá

Sátidé, oṣù Keje, òtútù Footscray ń gé wa létí jẹ.
Àwa mẹ́rin dúró síbi tí a máa ń dúró sí,
lẹ́yìn òpó mẹ́rin, níbi tí ẹyẹ òkun ti ń ṣa ànàmọ́ díndín jẹ.
Rẹfirí fi bọ́ọ̀lù olórí ṣóńṣó na ilẹ̀, ó ta sókè,
Penhallow sì dé ibẹ̀
lẹ́yìn tí gbogbo ayé ti dé ibẹ̀.

"Ẹ rí i?" Vasil ló kọ́kọ́ là á.
"Ìṣísẹ̀ kan péré ló fi pẹ́.
Ṣùgbọ́n láàárín pápá yìí, ìṣísẹ̀ kan, ọdún mẹ́wàá ni."
Ó ní ìwé pélébé kan tó ń kọ gbogbo rẹ̀ sí:
lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ọgbọ̀n ìgbà lọ́wọ́ ọkùnrin yìí ń kan bọ́ọ̀lù;
lọ́sẹ̀ tó kọjá, mọ́kànlá.
"Mọ́kànlá! Ìyá mi tó wà ní Bitola á rí méjìlá."

Noreen Gadsby ò wo ojú rẹ̀.
Ó rọra ń tú ìdérí fúláàsìkì tíì rẹ̀
bí ẹni ń tú ẹjọ́.
"Vasil, èjìká mi yìí lo sunkún sí
lọ́jọ́ tó fi egungun ìhà tó ṣẹ́ gbé wa dé àṣekágbá.
Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà.
Ka àkísà ara ọmọ yẹn kí o tó ka bọ́ọ̀lù."
Ó wá kà wọ́n fúnra rẹ̀:
orúnkún òsì, ẹ̀ẹ̀mejì; èjìká; imú;
iṣan ẹ̀yìn itan tó máa ń já bí okùn àlòkù.
Wọ́n dùn lẹ́nu rẹ̀ bí orúkọ ọmọ-ọmọ.

Tuan ń ṣe búrẹ́dì ní òpópónà Barkly,
ó ti wà lójúfò láti aago mẹ́ta òru.
Ó ní kí wọ́n gbé e lọ sẹ́yìn, kó máa ṣọ́ òpó:
"Ìyẹ̀fun tí kò wú mọ́, a kì í dà á nù.
A máa ń tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, a fi ṣe nǹkan míì."
Vasil ní pápá kì í ṣe ilé búrẹ́dì.
Ọmọ kan níwájú wa, páì ẹran lẹ́nu, yíjú padà:
"Kí wọ́n gbé àyè rẹ̀ fún Lual."
Lual, ọmọ ogún ọdún,
tó ń sáré bí ẹni tí olówó ń lé.

Èmi ńkọ́? Mo ti sọ tèmi láti oṣù Karùn-ún,
nílé ọtí, mo gbóhùn sókè: ó tó, kó máa lọ sílé.
Ọjọ́ a kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè.
Wọ́n ti ń dáwó ère idẹ rẹ̀ fún ẹnubodè;
àwa tí à ń dáwó náà là ń bú u.
Ogún dọ́là lèmi fi sí i. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀.

Ní ìdá kẹta eré, òjò dé.
Ẹrẹ̀ sọ ọ̀dọ́ àti àgbà di ẹgbẹ́.
Penhallow ò sáré. Ó lọ dúró sójú kan
bí ẹni tí wọ́n ti bá sọ̀rọ̀ lánàá,
bọ́ọ̀lù yọ́ jáde láàárín ẹsẹ̀ méjìlá, ó bá a níbẹ̀.
Kò tilẹ̀ gbá a mú. Ó na ìka,
bọ́ọ̀lù ṣẹ́rí sọ́nà tí Lual ń bọ̀. Góòlù.
Vasil ṣí ìwé rẹ̀.
Ó wá ibi tí yóò kọ ọ́ sí.
Òjò ń kán sórí ojú ewé.

Àmì mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi nà wá.

Níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, mo rí i,
òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ tó wọ bàtà òjò pupa.
Ó jókòó tán, ó bẹ̀rẹ̀,
ó fọwọ́ méjèèjì gbé ẹsẹ̀ òsì ara rẹ̀ wọlé
bí ẹni ń gbé ọmọ tó ti sùn.
Mo dojú kọ ògiri, mo ń wá kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ mi.
N kò tíì sọ fún Noreen.