Bí Ojú Ọ̀nà Òkè Ti Rí

Ọ̀kun o, Morólúyọ̀.
O ní kí n bá ọ wo ojú ọ̀nà òkè kí o tó wá.
Mo ti lọ, mo ti bọ̀.
Ìwọ tí o ti pẹ́ ní Lọ́kọ́jà, tí ooru odò ti bà jẹ́,
jẹ́ kí n rán ọ létí: ọyẹ́ Ògìdì
kì í kìlọ̀ fún ètè kó tó là á.
Di òrí sápò.

Àkùkọ ò tíì kọ lẹ́ẹ̀kejì tí mo fi jáde.
Eruku ti gbé ilé Arókóyọ̀ mì,
ó gbé ṣọ́ọ̀ṣì mì, ó ṣẹ́ agogo rẹ̀ kù,
ìró tí kò nílé mọ́, tó ń rìn kiri lókè orí mi.

Láti ẹsẹ̀ òkè dé ìdí irúgbá méjì, ọ̀nà dára.
Wọ́n ti sun koríko ibẹ̀.
Eérú ni wàá máa tẹ̀, kò ní ariwo,
nítorí náà fi bàtà funfun rẹ yẹn sílẹ̀.
Kùkùté kan ṣì ń rú èéfín lẹ́bàá ọ̀nà.
Má jókòó lé e.
Èmi jókòó lé e.

Lẹ́yìn ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.
Òjò kọ́ ló ń mú àpáta yọ̀ lásìkò yìí,
ewé gbígbẹ ni.
Ó tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹní àlejò,
abẹ́ rẹ̀ sì ń dán bí orí apárí.
Rọra máa tẹ̀ ẹ́, má sáré.
Bó bá di dandan kí o ṣubú, ṣubú sọ́tùn-ún:
igbó ẹ̀gún ló wà lọ́tùn-ún.
Lósì, kò sí nǹkan kan.

Kòtò omi abẹ́ àpáta ti gbẹ.
Alángbá kan ló bá mi níbẹ̀, ó ń mi orí
bí akọ̀wé tó ní kí a padà wá lóṣù kẹrin.
Gbé omi dání. Ìgò kan ò tó.

Lórí ẹ̀yìn òkè gan-an, níbi tí ọ̀nà ti yọ egungun
bí ẹ̀yìn màlúù nígbà ọ̀dá,
afẹ́fẹ́ á fà ọ́ láṣọ, á bi ọ́ lórúkọ.
Má dá a lóhùn. Tẹ̀ba, máa lọ.
Àádọ́ta ìṣísẹ̀ ni. Mo kà á.
Nígbà tí mò ń bọ̀, mo tún un kà,
ó di mọ́kàndínlọ́gọ́ta.
Òkè yẹn ò lọ sílé ìwé.

Mo mọ̀ pé ìran lo fẹ́ wò:
ọ̀nà Kábà, òrùlé Ìyàrá, oko kajú tó ń tanná.
O ò ní rí wọn.
Wàá rí oòrùn tó dà bí kọ́bọ̀ àtijọ́,
tí o lè tẹjú mọ́ láìṣẹ́jú,
wàá sì gbọ́ ìkọ́ ẹnì kan nísàlẹ̀, o ò ní mọ ẹni náà.

Nǹkan kan kù, mi ò kọ́kọ́ fẹ́ sọ ọ́.
Àmì ẹfun tí bàbá wa Mẹ́dùpín máa ń fà sára àpáta
kí ọdún tuntun tó dé,
kí ẹ̀yin tí ẹ ń ti ìdálẹ̀ bọ̀ má baà ṣìnà:
méjìlá ni wọ́n, mo rí mẹ́ta.
Ọjọ́ tí a wa iṣu la sin ín, ta ni ìbá tún fà wọ́n?
Mo gbé ẹfun lọ nínú agolo mílíìkì.
Òtútù mú ọwọ́ mi gan,
gbogbo ìlà tí mo fà ló wọ́.
Má rẹ́rìn-ín. Wíwọ́ náà ni kí o máa tẹ̀ lé.

Àmọ́ ní ìyànà kẹta, wàá rí ọ̀kan tó tọ́ ṣánṣán,
tó ti ń parẹ́, tí àtẹ́lẹwọ́ wà létí rẹ̀.
Mi ò kùn lé ìyẹn.