Eegun Méje

Ogún ìbéèrè ló wà nínú fọ́ọ̀mù iléeṣẹ́ wa:
Ṣé olùtọ́jú tètè dé? Ṣé ó wẹ màmá? Ṣé oògùn pé?
Mo fàmì sí i, mo fàmì sí i,
nílé Ìyá Odùkọ̀yà, Ìṣarà Rẹ́mọ,
títí ọwọ́ fi ro mí.

Màmá ò sọ̀rọ̀ mọ́ láti èṣí.
Ta ni kí n bi?
Mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀: ó gbẹ.
Mo wo gìgísẹ̀: kò sí egbò.

Àfi bí mo ṣe rí àwo ìkọ́kọrẹ́,
eegun ẹja tín-ín-tín méje létí rẹ̀,
tí Adéfúnkẹ́ ti fọwọ́ ṣà kúrò
kí ṣíbí tó kan ẹnu arúgbó.

Mo wá àyè rẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù.
Kò sí.
Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé: eegun, méje.