Ẹni Kẹta láti Ọwọ́ Òsì

Fọ́tò náà ṣì wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù Múdà
onígbàjámọ̀ tó kọjú sí Kámpọ́sì,
lókè dígí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà ọdún tó ti kú.
Ọkùnrin mọ́kànlá, ṣòkòtò wọn balẹ̀ dé orúnkún,
àti èmi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án,
mo jókòó sílẹ̀ níwájú, bọ́ọ̀lù aláwọ wà láàárín ẹsẹ̀ mi,
mò ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ ẹ̀wà lórí iná.

Ẹgbẹ́ Atẹ̀wé ni wọ́n ń pè wọ́n.
Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń to lẹ́tà òjé ní Bródì,
bó bá di aago mẹ́rin, wọ́n á fi kẹrosín-ìn nu ọwọ́,
wọ́n á dorí kọ Oníkàn.
Ṣùgbọ́n yíǹkì kì í tán lábẹ́ èékánná.
Bí Jìnádù tó ń ṣọ́lé bá gbá bọ́ọ̀lù mú,
ìka rẹ̀ márààrún á bá bọ́ọ̀lù lọ sáàárín pápá.

Èmi ni mo máa ń fo ògiri
bí Sànyà bá ta á kọjá ilé, tó wọ ọgbà òyìnbó.
Tọ́rọ́ kan ni owó iṣẹ́ mi.
Ajá òyìnbó yẹn bù mí jẹ lẹ́ẹ̀mejì,
Sànyà fi tọ́rọ́ kan lé e.

Sànyà yẹn ló kọ́kọ́ lọ, lọ́dún tí ogun parí.
Kì í ṣe ogun ló pa á. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni,
a ò tíì mọ̀ ọ́n lórúkọ nígbà náà, a ní ayé ló ṣe é.
Firimínò sùn lálẹ́ Sátidé, kò jí fún máàsì.
Wọ́n bá bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì,
ó ti fi ọ̀rá pa á, bí ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀la.
Jìnádù ló pẹ́ jù. Ojú rẹ̀ fọ́.
Bí mo bá kí i ní Láfíàjí, mo máa ń ju ọsàn sí i láìfọhùn,
á hán an.
Á ní, “Igun òkè ló yẹ kó o tà á sí.”

Ikán ti jẹ ojú Búráímọ̀ nínú fọ́tò,
àgbọ̀n rẹ̀ nìkan ló kù. Mo mọ̀ ọ́n síbẹ̀.
Ẹni kẹta láti ọwọ́ òsì, ikán ò fọwọ́ kàn án.
Ó mọ́ kedere. Ó ń fi èjí rẹ́rìn-ín sí mi.
Orúkọ rẹ̀ ni mi ò rántí.

Mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ òsì ló fi ń gbá a.
Mo mọ̀ pé ó máa ń bọ́ òrùka rẹ̀ fún mi kí eré tó bẹ̀rẹ̀,
èmi á sì jù ú sẹ́nu kó má baà sọnù.
Mo ṣì ń tọ́ irin yẹn wò lórí ahọ́n.
Òrùka rẹ̀ gbé ẹnu mi rí,
orúkọ rẹ̀ kọ̀, kò wá síbẹ̀.

Àwọn tó ń to orúkọ òkú ẹlòmíràn lójoojúmọ́,
láti ẹ̀yìn wá síwájú, tí wọn kì í ṣì í,
kò sẹ́ni tó kọ tiwọn sẹ́yìn fọ́tò.

Mo lọ bá opó Jìnádù.
Ó yọ gíláàsì, ó nu ún, ó tún fi í sójú.
“Ọkọ mi máa ń pariwo lójú oorun,” ó ní,
“kò pe ẹnikẹ́ni lórúkọ rí.
Gbà á! ló ń wí. Òsì! Fún òsì!
Èmi náà á sún fún un.”

Lánàá, mo wà lórí àga Múdà, aṣọ funfun lọ́rùn,
bọ́ọ̀lù rọ́bà yí wọlé, ó dúró ti bàtà mi.
“Bàbá, ẹ bá wa ta á!”
Mo dìde. Òsì ni mo lò.
Ó wọ gọ́tà.
Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín,
Múdà ní kí n padà wá jókòó,
òun ò tíì kan ẹ̀yìn orí.