Má Wo Òṣèré

Lọ́jọ́ tí owó ìfẹ̀yìntì Bọ̀dá Láwùyì jáde,
páálí mẹ́tàdínlógún ni ọmọlanke gbé gòkè Ìdí-Arẹrẹ.
Àwọn aládùúgbò rò pé táìlì ni,
pé pálọ̀ rẹ̀ fẹ́ di ti olówó.
Fíìmù ni.
Fíìmù lórí fíìmù: àwo pẹlẹbẹ inú ọ̀rá,
kásẹ́ẹ̀tì dúdú tó ti hu èéhù létí,
eré onípele méjìlélọ́gọ́rin tí wọ́n ń ṣe lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì
nígbà tí n kò tíì mọ okùn ṣòkòtò mi í so.
Gbogbo ọjà Tafá ló rà, Tafá tó ń fi fíìmù yáni l'Ókè-Àdó,
tó fẹ́ palẹ̀ mọ́ kó lọ máa ta páànù.
Owó tó tó ra ilẹ̀ l'Ákànrán.

Mosúnmọ́lá, ìyàwó ọmọ rẹ̀, pòṣé:
"Ta ló fẹ́ wo èyí tán?
Bí ẹ ò bá sùn, tí ẹ ò wẹ̀,
tí NẸ́PÀ ò sì múná lọ (irọ́ ńlá nìyẹn),
ẹ ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún kí ẹ tó dé páálí kẹwàá."
Bọ̀dá fi ọwọ́ nu eruku ara páálí, kò fèsì.

Èmi ni mo ń bá a wá èsì kiri.
Mo ní, alẹ́ ló rà sílẹ̀:
ẹni tó bá ní ẹgbẹ̀rún alẹ́ nínú páálí
lè sọ fún ikú pé kó ṣì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, eré kù.
Mo tún ní, fèrèsé ni.
Ọmọdé tó ń gun búlọ́ọ̀kù wo tẹlifíṣọ̀n onílé kejì,
tí wọ́n ń pa fèrèsé dé mọ́ lójú kí ìtàn tó parí,
bó bá dàgbà, òpin ìtàn gbogbo ni yóò fẹ́ ní lọ́wọ́.
Ó dùn létí. Mo tilẹ̀ sọ ọ́ fún ènìyàn méjì.

Alẹ́ ọjọ́ kan ni mo yà kí i.
Jẹnẹrétọ̀ ń hó, ó sún mọ́ gíláàsì bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́.
Ọkùnrin kan ń sunkún nínú fíìmù, obìnrin kan kúnlẹ̀,
mo fẹ́ bi í pé kí ló dé.
"Má wo òṣèré," ni Bọ̀dá wí. "Wo ẹ̀yìn wọn."

Lọ́dún tí àwọn kan wá ya fíìmù ní Bẹẹrẹ,
Ìbídùn ìyàwó rẹ̀ ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́,
ó ru orí máṣíìnì ìránṣọ.
Wọ́n ní kó dúró. Kò dúró.
Ó gba ẹ̀yìn òṣèré kọjá, ó bojú wẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín,
ó délé, ó ní, "Èmi náà ti di òṣèré o!"
Kò sẹ́ni tó béèrè orúkọ fíìmù náà.
Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti lọ.
Fọ́tò rẹ̀ méjì ló kù, ìjókòó ló wà nínú méjèèjì.
"Ó máa ń tiro díẹ̀," Bọ̀dá wí, "ẹsẹ̀ òsì.
Ìrìn yẹn ni mo ń wá."

Ẹja kan ṣoṣo, ó ra odidi odò.

Láti ìgbà náà, alaalẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni mo ń lọ.
A ti dé páálí kẹfà.
A ti rí ewúrẹ́ tó ń jẹ páálí,
ọkùnrin tó ń ka ṣéńjì búrẹ́dì lẹ́ẹ̀mejì,
ọmọ kan tó fi ìka símú tó tẹjú mọ́ wa.
N kò lè sọ bí eré kankan ṣe parí.
Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Mosúnmọ́lá gbé omi wá,
ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò lọ.
"Ẹ dá a padà díẹ̀," ó ní. "Ta nìyẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri?"
Bọ̀dá dá a padà.
Kì í ṣe òun.
A tún un wò.