Igi Tó Tọ́

Inú yìnyín oṣù Èrèlè ni wọ́n ti gé wọn,
nígbà tí omi ti sùn nínú gbòǹgbò,
ogóje igi páìnì láti inú igbó bàbá mi
lẹ́yìn odò Kuusela, ní àríwá Fínláǹdì.
Mo dúró tì wọ́n. Mo fi ìbọ̀wọ́ bo ojú bí ẹni tí òtútù ń mú,
kí Inkeri ọmọ mi má baà rí omijé.

Ariwo ti sọ tẹ́lẹ̀ ní gbọ̀ngàn ìlú:
"Igi kẹ̀? Fún aláìsàn tí kò lè sáré?
Bí iná bá sọ ńkọ́?"
Raakel tó ya àwòrán ilé ìwòsàn náà kò bá wa jiyàn.
Ó gbé ìtì igi kan síta, ó nípọn ju itan màlúù,
ó tiná bọ̀ ọ́, ó ní ká wọlé wá mu kọfí.
Nígbà tá a jáde, ara igi ti di èédú.
Ó là á pẹ̀lú àáké:
inú rẹ̀ funfun nini.
"Dúdú yẹn," ó ní, "apata rẹ̀ ni."
Jorma, tó pariwo jù, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kàn án,
kò sì sọ nǹkan kan mọ́ títí a fi tú ká.

Ọdún kẹta rèé. Eegun ìdí mi ṣẹ́ lórí yìnyín,
èmi náà wá di ará wọ́ọ̀dù kejì.
Oje igi ń ta sánsán lábẹ́ òórùn oògùn.
Lóru, ilé a máa dún kẹ́kẹ́ bí orúnkún àgbà.
Mo ka ojú kókó tó wà lára àjà: mẹ́tàdínlógún,
ọ̀kan jọ òwìwí, kì í ṣẹ́jú.

Èéfín rélùwéè àtijọ́, èéfín ìkòkò tábà bàbá bàbá mi,
gbogbo ohun tí wọ́n fà símú fún ọgọ́rin ọdún,
wọ́n ṣì há a mọ́ra níbẹ̀, lókè orí mi.
Sìmẹ́ǹtì kò mọ ẹnu ún pa mọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ní igi tó tọ́ kì í pẹ́ nígbó.
Òótọ́ ni.
Wọn ò kàn sọ ibi tó ń lọ ni.

Inkeri wọlé, ẹrẹ̀ kún bàtà rẹ̀,
nọ́ọ̀sì ń wò ó bíi kó lé e jáde.
"Mélòó lo gbìn?"
"Ọ̀ọ́dúnrún, bàbá.
Àgbọ̀nrín ti jẹ méjì."