Ọjọ́ Mẹ́rìnlá Àkọ́kọ́

Yìnyín ẹnu ọ̀nà ló gbé Lucienne ṣubú,
kì í ṣe iléeṣẹ́ tó ti ń gé orí ẹja
láti ọdún mọ́kàndínlógún.
Ohun tí akọ̀wé kọ́kọ́ bi í lórí fóònù nìyẹn:
"Ṣé ilé ni, àbí ibi iṣẹ́?"
Ilé ni.
Ó dáa. Ìwé tirẹ̀ yàtọ̀.

Egungun èjìká kò mọ̀wé.
Dókítà Ouellette buwọ́ lù ú: ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án.
Iléeṣẹ́ adójútòfò ní àwọn ti gbọ́,
ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rìnlá àkọ́kọ́, tìrẹ ni.
Ọjọ́ mẹ́rìnlá! Nínú oṣù kejì, ní Maine,
tí epo tó ń mú ilé gbóná ń fà nínú àgbá
bí ẹni ń fi ṣíbí bù ú.

Wọ́n ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.
Ó ṣáà ka ìwé náà tán,
títí kan lẹ́tà tíntìntín ẹ̀yìn rẹ̀,
ó wá ń fi ọwọ́ òsì ṣírò wọ́gọwọ̀gọ:
nínú ọgọ́rùn-ún dọ́là, ọgọ́ta ni wọn yóò san.
Ogójì tó kù ńkọ́?
Ogójì yẹn ni bàtà òtútù Odile.

Dọ́là mẹ́rin ni wọ́n ń yọ lówó rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.
Olè ló máa ń pè é.
Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ó ṣí àpòòwé náà pẹ̀lú eyín.
Kò pè é ní olè mọ́.
Ṣùgbọ́n kò tíì pè é ní ọ̀rẹ́.