Ohùn Erin Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀

Ọ̀gbẹ́ni Wendell Stroud, bí o bá ṣì wà láyé,
èmi ni Aune Lahti, ọmọ Duluth,
níbi tí adágún ti ń dì gbagidi bí òkúta
tí ọkọ̀ akẹ́rù irin á dúró sójú kan títí yìnyín á fi yọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí o wọlé wa,
o gba inú tẹlifíṣàn aláwọ̀ dúdú òun funfun kan
tí Màmá Àgbà fi bébà ìdáná wé eríàlì rẹ̀,
tí ológbò máa ń sùn lé lórí nítorí ooru.

Wọ́n ní fíìmù kan ló bí ọ.
Fíìmù náà pawó títí ó fi sú àwọn tó ń kà á.
Ọkùnrin kan ló ń sin erin arúgbó lọ sétí òkun;
gbogbo Amẹ́ríkà sunkún, wọ́n tún padà lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì.
Ni àwọn ọ̀gá tẹlifíṣàn bá ní: ẹ jẹ́ kó máa rìn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.
Ṣùgbọ́n gbajúmọ̀ òṣèré ò yọjú. Erin náà ò yọjú,
owó oúnjẹ rẹ̀ ju owó oṣù rẹ lọ.
Ìwọ ni wọ́n rí, tí èjìká rẹ jọ tiẹ̀ bí a bá wò ọ́ láti ẹ̀yìn.
Fìlà rẹ̀ ni wọ́n fún ọ, ó tóbi, ó ń bò ọ́ létí.
Ní ti erin, ohùn rẹ̀ ni wọ́n rà.

Erin wà nínú abà. Erin wà lẹ́yìn igbó.
Erin ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni, wo koríko bó ṣe tẹ̀.
Ìwọ á tẹ́tí, a óò gbọ́ ọ: hùùùn,
ife inú kọ́bọ́ọ̀dù á gbọ̀n, ológbò á bẹ́ sílẹ̀.
Eino àbúrò mi á ní, "Irọ́ ni, kò sí nǹkan kan níbẹ̀."
Èmi ò jiyàn. Ìyá mi náà, tó ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn lóru,
ìró kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ni mo mọ̀ jù lára rẹ̀ lọ́dún náà.

Ọjọ́bọ̀ márùn-ún péré.
Ní ìkarùn-ún, o gbọ́wọ́ lé ìlẹ̀kùn abà,
o bojú wẹ̀yìn, o wò mí, mo búra,
o ní, "Ó dáa, ó ti tó àsìkò kí ẹ rí i."
Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.
Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dé, ìdíje bọ́ọ̀lù yíyí ló jókòó síbẹ̀,
géńdé mẹ́rin oníṣẹ́ẹ̀tì pupa.
Ẹnikẹ́ni ò tọrọ àforíjì.

Mo ti pé ọdún mọ́kàndínlógún kí n tó rí fíìmù náà,
ní sinimá kan ní St. Paul. Erin jáde ní kíkún,
ó tóbi, ó láwọ̀, omijé rẹ̀ ń dán.
Gbogbo èèyàn ń fọn ikun. Èmi jókòó, inú ń bí mi:
ta ni ọkùnrin yìí tó dé fìlà Wendell?
Kí ló dé tó fi bá a lórí mu tó bẹ́ẹ̀?

Mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ wọn. Wọ́n ní àwọn ti pa téèpù náà rẹ́,
iye owó àgbàdo àti ti ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n gbà sórí rẹ̀.
Eino ní a ò wo irú rẹ̀ rí, fíìmù ló dàpọ̀ mọ́ àlá mi.
Ó ku agolo oúnjẹ ọmọléèwé kan tí mo rà ní dọ́là mẹ́rin
ní ṣọ́ọ̀bù àlòkù: ìwọ rèé, o ti dípẹtà láti àgbọ̀n sókè,
erin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, erin tí kò wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan.
Mo ń kó ìṣó àti bọ́tìnnì sí i.

Màmá ti lọ. Ológbò, kí n má tilẹ̀ sọ.
Ní oṣù kẹta, bí yìnyín bá fọ́,
ọkọ̀ àkọ́kọ́ á fọn fèrè lábẹ́ afárá, hùùùn,
ife mi á gbọ̀n lórí tábìlì.
Wọ́n ní ẹni bá rí erin kó sọ pé òun rí erin.
N ò rí nǹkan kan, Wendell, fìrí gan-an n ò rí.
Mo kàn máa ń dìde ni,
kí n gbọ́wọ́ lé ìlẹ̀kùn.